Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Àwọn Apẹja Odò Au Sable àti Omi Tí Wọ́n Ń Ṣọ́

Ìlú kékeré kan wà ní àríwá ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Grayling. Orúkọ ẹja ni. Ẹja yẹn sì ti tán nínú odò ìlú náà kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí tó dé ayé. Odò ọ̀hún ni Au Sable. Létí rẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Trout Unlimited sílẹ̀ ní 1959, ẹgbẹ́ tó ti kárí Amẹ́ríkà báyìí. Létí rẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ Anglers of the Au Sable ti bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ẹgbẹ́ ìlú tí kò kúrò nídìí odò rẹ̀ láti ìgbà náà. Bí mo bá ti dárúkọ wọn fún àwọn ará wa, tí mo sì ní eṣinṣin ni wọ́n fi ń pẹja, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí kì í yàtọ̀ síra púpọ̀. Àwọn ìbéèrè náà àti èsì tí mo máa ń fún wọn nìyí.

Ẹ ní wọ́n ń fi eṣinṣin pẹja. Ṣé eṣinṣin gidi ni?

Rárá o. Ìwọ̀ kékeré ni, tí wọ́n fi òwú wé ìyẹ́ ẹyẹ tàbí irun ẹranko mọ́ lára títí tó fi jọ kòkòrò tó bà sórí omi. Kò sí ẹkòló lẹ́nu rẹ̀, kò sí ìjẹ kankan. Ìwọ̀ tí àwa mọ̀, òjé tí wọ́n so mọ́ ọn ló ń gbé e lọ sínú odò. Èyí fẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà okùn ni wọ́n ṣe kó wúwo. Apẹja á fi ọ̀pá ju okùn náà síwá, á jù ú sẹ́yìn lókè orí, lẹ́yìn náà á jẹ́ kó tẹ́ sórí omi. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe bá jù ú, omi kì í fò rárá.

Àwọn kòkòrò àtọwọ́dá yìí ní orúkọ. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni Adams, tí Leonard Halladay ṣe ní Michigan ní 1922. Òmíràn ń jẹ́ Griffith's Gnat, orúkọ George Griffith tí ẹ máa tó gbọ́ ìtàn rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìyẹ́ ọ̀kín àti ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ni wọ́n fi ń wé e. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ èyí: ọ̀kín, ọba ẹyẹ wa, lórí ìwọ̀ tí kò tó èékánná.

Kí ló ṣe ẹja tí ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí, torí òun ni ìdí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù.

Grayling jẹ́ ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ tí lẹbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ga, tó ṣí bí abẹ̀bẹ̀. Bí a bá yọ Alaska sílẹ̀, ìpínlẹ̀ Michigan àti Montana nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní Amẹ́ríkà. Omi tútù, omi mímọ́ ló fẹ́, kì í sì í fura. Bí kòkòrò bá ti bà sórí omi, ó ti gbé e. Àwọn Anishinaabe, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà, ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí ojú irin dé agbègbè yìí ní àwọn ọdún 1870, àwọn apẹja ìlú ńlá tẹ̀ lé e wọlé. Wọ́n ń pa á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kì í ṣe ní mélòó kan. Wọ́n ń kó o wọ ọkọ̀ ojú irin lọ tà, èyí tí wọn ò sì lè kó lọ ń jẹrà sí etí odò.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀ nìkan kọ́ ló pa á. Igbó páìnì ló yí odò yìí ká nígbà náà, àwọn igi tí ọkùnrin mẹ́ta lè má lè fi apá wọn yí ká. Àwọn oníṣòwò gẹdú dé, wọ́n gé wọn. Odò ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó wọn lọ sí ilé ìlagi. Bí yìnyín bá yọ́ nígbà ìrúwé, wọ́n á ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtì igi sínú omi, ìtì náà á máa ha ilẹ̀ odò àti bèbè rẹ̀ bọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìgbà ìrúwé yẹn gan-an ni grayling ń yé ẹyin sórí òkúta wẹẹrẹ inú odò. Ẹ rò ó wò. Lẹ́yìn tí igi tán, òjìji tán lórí omi, oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná sí i. Bèbè tí gbòǹgbò dì mú tẹ́lẹ̀ ya, iyanrìn sì bo àwọn òkúta tí ẹja ń yé sí. Wọ́n tún wá kó ẹja àjèjì wọlé, àwọn yìí sì gba oúnjẹ àti àyè mọ́ onílé lọ́wọ́.

Nínú Au Sable, ó tán láàárín ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nínú gbogbo Michigan, 1936 ni wọ́n rí èyí tó kẹ́yìn, nínú odò kan ní apá òkè ìpínlẹ̀ náà lọ́hùn-ún.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn igi yẹn ṣe rí, ọgbà ìjọba Hartwick Pines wà nítòsí ìlú náà. Éékà 49 igbó àtijọ́ ló ṣẹ́ kù níbẹ̀.

Ẹja wo wá ni wọ́n ń pa báyìí?

Trout ni, oríṣi mẹ́ta: brook, brown àti rainbow. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ onílé nínú Au Sable, wọ́n kó wọn wá ni. Brown trout tilẹ̀ ti Jámánì wá. Ẹyin rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi dé New York ní 1883, nígbà tó sì di 1884 wọ́n da àwọn ọmọ rẹ̀ sínú odò Pere Marquette ní Michigan yìí kan náà. Ó fara da omi tó gbóná díẹ̀ ju bí grayling ti lè fara dà á lọ, ó gbọ́n, ó sì fẹ́ràn láti jẹun lóru. Ó ti di ọmọ ilẹ̀ báyìí.

Ta ló dá Trout Unlimited sílẹ̀, kí ló sì fà á?

Ọ̀rẹ́ méjì ló wà nídìí rẹ̀. George Mason jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó sì wà lára àwọn aṣáájú Ducks Unlimited, ẹgbẹ́ tí àwọn ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ dá sílẹ̀ ní 1937 láti dáàbò bo àbàtà tí pẹ́pẹ́yẹ ń gbé. George Griffith ni ìkejì, apẹja tó kọ́ ilé sí etí Au Sable. Mason ló kọ́kọ́ mú èrò náà wá pé kí irú ẹgbẹ́ yẹn wà fún trout náà. Ikú kò jẹ́ kó rí i: ó kú ní 1954. Ṣùgbọ́n kó tó kú, ó ti fi nǹkan bí éékà 1,500 ilẹ̀ rẹ̀ tó wà ní ẹ̀ka gúúsù odò náà sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ Michigan. Ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ tà á láé. Mason Tract ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà títí dòní, ìjọba sì ti fi kún un, ó ti ju éékà 4,000 lọ.

Ní oṣù Keje 1959, èèyàn 16 péjọ sí ilé Griffith. Ilé náà ní orúkọ tirẹ̀, Ìwọ̀ Aláìlẹ́gùn-ún ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìpàdé ọjọ́ yẹn ló bí ẹgbẹ́. Art Neumann, tó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀pá ìpẹja ní ìlú Saginaw, wà lára wọn. Òun ló padà di alákòóso ẹgbẹ́ ní 1962, òun ló sì ń tẹnu mọ́ ọn pé bí èèyàn bá tọ́jú ẹja, ẹja pípa á tọ́jú ara rẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí ẹgbẹ́ yìí ti yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ apẹja yòókù nìyẹn. Ẹgbẹ́ mìíràn máa ń bi ìjọba pé ẹja mélòó la lè kó. Àwọn wọ̀nyí ń bèèrè bí omi ṣe rí.

Ìjọba ń kó ẹja sínú odò fún wọn. Kí ló burú níbẹ̀?

Ẹni tó bá bèèrè èyí ò ṣe àṣìṣe, ó dùn ún gbọ́ létí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà ni pé ìjọba á sin trout nínú kòtò títí á fi tóbi tó fún àwo, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé e dà sínú odò, àwọn apẹja á sì ti dúró dè é. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti tán. Owó ńlá ń lọ sí i lọ́dọọdún, odò fúnra rẹ̀ kò sì rí àǹfààní kankan. Ẹja inú kòtò kò mọ ibi tí ẹja ń sá pamọ́ sí nínú odò, ó ń bá ẹja tí odò bí du àyè, ó sì ń jẹ́ kí ojú wa fò ó pé omi ń bàjẹ́, níwọ̀n bí ẹja ṣì wà lẹ́nu ìwọ̀.

Griffith àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ náà tọ ìjọba lọ pẹ̀lú ẹ̀rí àwọn onímọ̀ ẹja. Láàárín ọdún mélòó kan, Michigan gbà pé kí wọ́n máa tọ́jú trout bí ohun tí odò ń bí fúnra rẹ̀. Ìròyìn náà tàn dé Pennsylvania, Wisconsin, Illinois àti New York, àwọn náà sì dá ẹ̀ka tiwọn sílẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń pe apá kan odò náà ní Omi Mímọ́?

Ẹnikẹ́ni kì í bọ ọ́ o. Àwọn tó bá rántí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í pẹja, máa ń rò pé irú rẹ̀ ni. Orúkọ ìfẹ́ lásán ni. Ó jẹ́ nǹkan bí máìlì mẹ́jọ, láti Burton's Landing dé afárá Wakeley, níbi tí omi ìsun abẹ́ ilẹ̀ ti ń sun wọ odò tọdúntọdún. Iyanrìn tí yìnyín àtijọ́ kó jọ ló wà lábẹ́ agbègbè yẹn. Bí òjò bá rọ̀, á wọlẹ̀, á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ ní tútù. Ìdí nìyẹn tí odò náà kì í fi í kún àkúnjù, tí kì í sì í gbẹ. Kòkòrò àtọwọ́dá nìkan lòfin gbà láyè níbẹ̀, gbogbo ẹja tí ẹ bá mú sì gbọ́dọ̀ padà sínú omi.

Òfin ìdápadà yẹn ló bí Anglers of the Au Sable ní 1987. Rusty Gates ló ṣáájú wọn, ọkùnrin tó ní ilé àlejò àti ṣọ́ọ̀bù ìpẹja létí odò náà. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ló bínú sí i, wọ́n ní ó fẹ́ gba ẹja lẹ́nu àwọn. Kò yẹsẹ̀. Ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà títí ó fi kú ní 2009.

Wọ́n á mú ẹja, wọ́n á tún dá a padà. Ṣé kò ń jẹ ẹja náà níyà ni?

Ó ń dùn ún, mi ò ní purọ́. Òmíràn sì ń kú lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a sílẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń ṣe ni pé kí iye tó ń kú kéré: ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún, kí ẹja má kúrò nínú omi pẹ́, kí èèyàn rọ ọwọ́ rẹ̀ sínú omi kó tó fi kàn án. Bí omi bá sì ti gbóná kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 20 Celsius, wọ́n á gbé ọ̀pá wọn sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi tutù, torí trout kì í rí atẹ́gùn tó nínú omi gbígbóná. Ẹni tó bá ní kó pa ẹja tó máa jẹ sàn ju kó fi ṣeré lọ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n odò kan tí apẹja tó wá síbẹ̀ pọ̀ tó báyìí, bí olúkúlùkù bá mú mẹ́ta lọ sílé, ìtàn grayling náà nìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń pe ìjọba lẹ́jọ́?

Lóòótọ́ ni, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní ni ti Mason Tract. Iléeṣẹ́ epo kan fẹ́ gbẹ́ kànga gáàsì sínú igbó ìjọba àpapọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tí Mason fi sílẹ̀, àwọn aláṣẹ igbó sì fọwọ́ sí i. Anglers of the Au Sable àti àwọn mìíràn gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 2008, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá wọn láre, ó ní àwọn aláṣẹ kò yẹ ewu tó wà níbẹ̀ wò tó kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá dúró létí ẹ̀ka gúúsù yẹn, tí kò gbọ́ nǹkan kan ju omi àti ẹyẹ lọ, á mọ ohun tí wọ́n jà fún.

Èkejì korò díẹ̀. Epo ti ba omi abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ níbì kan, wọ́n sì fẹ́ sẹ́ omi náà kí wọ́n máa dà á sínú Kolke Creek, odò kékeré tó wà ní orísun Au Sable. Ó ju mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù kan lọ lójúmọ́. Ní ìparí 2010, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Michigan dá ẹgbẹ́ láre. Kò tó oṣù mẹ́fà tí àwọn adájọ́ mìíràn jókòó, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti tán nílẹ̀, wọ́n sì fagi lé ìdájọ́ náà. Omi ẹlẹ́gbin kò wọ Kolke Creek, ìyẹn ni èrè. Àmọ́ òfin tí ìdájọ́ yẹn ì bá fi lélẹ̀ fún àwọn odò yòókù bá a lọ.

Ẹ̀kẹta ló sún mọ́ ìlú jù. Ilé ìsìnja kan wà ní Grayling láti 1914. Àwọn ará ìlú ló kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ṣì ń retí pé àwọn lè gba grayling là. Nígbà tó yá, oníṣòwò kan gbà á láti máa sin trout fún títà, àṣẹ tó gbà sì lè gbé e dé ìwọ̀n pọ́n-ùn 300,000 lọ́dún. Ẹ̀ka ìlà oòrùn Au Sable ń gba inú kòtò náà kọjá lọ sí Omi Mímọ́. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán ń kó phosphorus sínú omi, koríko inú odò á hù jù, atẹ́gùn á dín. Wọ́n fa ẹjọ́ náà fún ọdún mélòó kan. Ní 2018 wọ́n yanjú rẹ̀: òwò náà kúrò, ẹgbẹ́ apẹja ló sì gba ìtọ́jú ibẹ̀, àwọn ọmọdé ṣì ń lọ wo ẹja níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí ló wú mi lórí jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ẹ̀rù bà wọ́n láti bá aládùúgbò wọn ṣẹjọ́, wọ́n sì ṣe é.

Yàtọ̀ sí ilé ẹjọ́, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe?

Iyanrìn ni wọ́n ń bá jà jù. Iyanrìn tí ìtì igi àti ọ̀nà ojú ilẹ̀ dà sínú odò láti ọdún gbọ́nhan ṣì ń rìn nísàlẹ̀ omi. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò sínú odò kó lè dúró síbẹ̀, kí wọ́n sì kó o jáde. Wọ́n ń tún bèbè tó ya ṣe. Wọ́n ń yọ páìpù kékeré tí odò ń gbà kọjá lábẹ́ títì, wọ́n ń fi afárá tàbí páìpù fífẹ̀ rọ́pò rẹ̀ kí ẹja lè gòkè. Wọ́n tún ń ti odindi igi sínú omi, èyí tó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Ẹja nílò òjìji àti ibi ìsápamọ́ sí, àwọn agégẹdú sì ti ṣa gbogbo igi inú odò kúrò nígbà ayé wọn. Bí oṣù Kẹsàn-án bá dé, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á sọ̀ sínú odò pẹ̀lú àpò láti ṣa ìdọ̀tí.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ wò ó?

Ìparí oṣù Kẹfà, lóru. Kòkòrò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Hex á jáde láti inú ẹrọ̀fọ̀ odò, tó ti gbé fún bí ọdún méjì, á fò, á gùn, á yé ẹyin, á kú. Ó lè pọ̀ bí èéṣú. Àwọn brown trout tí kì í yọjú lọ́sàn-án á wá jẹ wọ́n. Inú òkùnkùn ni apẹja ń dúró sí, etí ló fi ń mọ ibi tí ẹja wà. Ẹ má gbàgbé pé ẹ gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ ìpẹja ìpínlẹ̀ Michigan kí ẹ tó fi ìwọ̀ kan omi.

Ṣé grayling lè padà?

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2016, ìjọba Michigan àti ẹ̀yà ìbílẹ̀ Little River Band ti Ottawa pawọ́ pọ̀ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n lọ gba ẹyin grayling láti Alaska, wọ́n tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà ní ilé ìsìnja ìjọba. Ní oṣù Karùn-ún 2025, àwọn ẹja yẹn ti yé ẹyin tiwọn, wọ́n sì kó nǹkan bí 400,000 lé ẹ̀yà ìbílẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ kí wọ́n fi í sínú odò kó pa di ọmọ. Odò Manistee wà lára àwọn tí wọ́n yàn. Au Sable kò sí níbẹ̀: brown trout ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọmọ grayling kò lè rí àyè. Àwọn tó wà ní Grayling mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ náà lórí odò ẹlòmíràn.